Ìkókó Tó Ń Ta Lójú Oorun: Ìtàn Ìmọ̀ Kan Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Ní ọjọ́ karùn-ún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ, gbogbo wa jókòó yí ìkókó náà ká ní pálọ̀. Ó ti mu ọmú yó, ó ti sùn. Lójijì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ta. Ó dúró díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì náà ta. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń fò, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tí ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá wa àgbà ní àwọn áńgẹ́lì ló ń bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kan tó wá kí ìyá ìkókó kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Gìrì ló ń bọ̀ yìí.” Kí a tó mọ ohun tí a máa sọ, ó ti ń júwe ilé ìyá kan tó ń ta àgbo gìrì fún wa.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí áńgẹ́lì bá ni, kò séwu. Bí gìrì bá ni, eré kọ́. Bí kò bá jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀, mo sì rí i pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò tètè bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Títa ọmọ lójú oorun wà níwájú gbogbo ayé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò kà á sí ohun tó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe. Ìtàn bí wọ́n ṣe wá mọ̀ pé ó níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Àlá ajá

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé ti rí i rí: ajá á sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa sáré, á máa gbó wúyẹ́wúyẹ́ nínú oorun. Lucretius, akéwì ará Róòmù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kristi, kọ nípa irú nǹkan báyìí nínú ìwé ewì rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa bí ayé ṣe rí. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ẹranko náà ń lá àlá. Ajá ọdẹ ń lépa ẹran lójú àlá, ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń mì.

Àlàyé yìí dùn mọ́ni nínú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ẹgbàá ọdún. Àlá ni ọ̀gá, títa ara sì ni ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìkókó ọlọ́jọ́ márùn-ún. Kò tíì rìn rí, kò tíì di nǹkan mú rí, orí rẹ̀ pàápàá kò tíì dúró. Ibo ló ń sáré lọ lójú àlá? Ẹran wo ló ń lé? Ẹni tó bá fi ìbéèrè yìí sọ́kàn á rí i pé àlàyé àlá kò lè bo gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ọlẹ̀ inú ẹyin

Ibi tí ìdáhùn ti kọ́kọ́ yọjú kì í ṣe ilé ọlọ́mọ. Inú ẹyin adìyẹ ni. Ní ọdún 1885, William Preyer, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ Jámánì, gbé ìwé kan jáde lórí bí ọlẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó bí i. Ó máa ń ṣí èèpo ẹyin díẹ̀ láti wo inú rẹ̀. Ọjọ́ 21 ni adìyẹ fi ń sàba kí ọmọ rẹ̀ tó pa, ṣùgbọ́n Preyer rí i pé láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrin ni ọlẹ̀ náà ti ń mì. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé bí ó bá fọwọ́ kàn án nígbà náà, kò ní ṣe nǹkan kan. Ó tó bí ọjọ́ mélòó kan sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí ìfọwọ́kàn. Ìyẹn ni pé ara kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mì kó tó mọ ohun tó kàn án. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ.

Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà yẹn àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà gbọ́ ni pé ẹ̀dá alààyè kì í mira bí nǹkan kan láti òde kò bá tì í. Kí ìmọ́lẹ̀ kàn án, kí ó gbóná, kí nǹkan gún un, ìgbà náà ni á tó dáhùn.

Ẹni tó jí ọ̀rọ̀ Preyer dìde ni Viktor Hamburger. Ọmọ Jámánì ni, Júù sì ni. Ní ọdún 1932 ó lọ sí Chicago fún ìwádìí ìgbà díẹ̀. Kí ó tó parí rẹ̀, ìjọba Hitler gorí àlééfà, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1933 tó lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ ní yunifásítì Freiburg sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò padà mọ́. Ó di olùkọ́ ní Washington University ní ìlú St. Louis ní ọdún 1935, ibẹ̀ ló sì ti lo ìyókù ayé rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin adìyẹ.

Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Hamburger padà sí ìbéèrè Preyer. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọlẹ̀ tí kò tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nínú ẹyin. Wọ́n yọ apá ibi tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ń gbà wọ inú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n sì tún gé okùn náà kí ọpọlọ má bàa lè rán iṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1966, wọ́n kéde èsì rẹ̀: ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan láti òde, tí kò sì gba àṣẹ kankan láti orí, ṣì ń mì bí ó ti yẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ní ọdún 1962, Drachman àti Coulombre gbé èsì mìíràn jáde. Wọ́n fi oògùn kúrárè mú kí iṣan ọlẹ̀ adìyẹ rọ pátápátá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ adìyẹ náà fi máa pa, oríkèé wọn ti gan, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì ti wọ́. Nítorí náà mímì inú ẹyin kì í ṣe àṣedànù. Bí kò bá sí, ara kò ní í tò bó ṣe yẹ. Àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ọlẹ̀ ń sọ nínú àwọn. Ọlẹ̀ tó ń sọ ń tún ara rẹ̀ ṣe ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àwọn ọmọ ọwọ́ Chicago

Apá kejì ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní University of Chicago, níbi tí Nathaniel Kleitman ti ń ṣèwádìí oorun nígbà tí ẹlòmíràn kò kà á sí iṣẹ́. Kishinev ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1895, ó sì dé New York ní 1915. Ní ọdún 1938 ó kó wọ inú ihò àpáta Mammoth Cave ní ìpínlẹ̀ Kentucky pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 32, níbi tí òòrùn kì í ti í yọ, láti wò ó bóyá ara ènìyàn lè kọ́ láti máa ka ọjọ́ kan sí wákàtí 28.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Eugene Aserinsky wá sábẹ́ rẹ̀. Kò ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì àkọ́kọ́, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, owó kò sì sí lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Kleitman gbé fún un kò dùn mọ́ ọn rárá: kí ó máa wo bí ojú àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe ń ṣẹ́jú bí oorun ṣe ń gbé wọn lọ. Ó jókòó ti ibùsùn ọmọ fún oṣù púpọ̀. Ó wá rí i pé kò ṣeé ṣe láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àti gbogbo mímì yòókù tí ìpéǹpéjú ń mì. Ló bá yí ìbéèrè padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo bí ojú ṣe ń yí sílẹ̀, ó sì rí i pé àkókò wà tí ojú ọmọ tó ń sùn á dúró jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Oorun ọmọ ní ìgbà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìgbà ìrúkèrúdò.

Láti mọ̀ bóyá àgbàlagbà náà rí bẹ́ẹ̀, ó gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ EEG kan, ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ọpọlọ, láti àjà ilẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dè mọ́ ọn ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Armond, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí ọmọ náà ṣe sùn, ìlà orí bébà ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni kálàmù ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí ọmọ bá lajú. Baba rẹ̀ wọlé lọ wò ó. Ọmọ sùn fọnfọn.

Kleitman kò tètè gbà. Àfìgbà tó dán an wò lára ọmọ rẹ̀ obìnrin, Esther, kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1953, àwọn méjèèjì kéde rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Oorun tí wọ́n rí yìí la mọ̀ sí oorun REM lónìí, oorun tí ojú ti ń yí. Gbogbo ayé rántí ìwé ọdún 1953 yẹn nítorí àlá, torí pé àwọn tí wọ́n bá jí nínú oorun REM sábà máa ń ní àlá láti rọ́. Díẹ̀ ló rántí pé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ní 1955 àwọn méjèèjì tún kọ ìwé kan lórí bí ìkókó ṣe ń mira lójú oorun. Òkìkí àlá bo ti ọmọ mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè wákàtí mẹ́jọ

Ní ọdún 1959, Michel Jouvet ní ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, fi ológbò ṣe ìwádìí, ó rí i pé nínú oorun REM ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó lajú, nígbà tí iṣan ara rọ pátápátá. Ó pè é ní oorun tó ta ko ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àlàyé tó wọ́pọ̀ ti rí báyìí: ọpọlọ ń lá àlá, ó ń pàṣẹ kí ara sáré, ìdí ọpọlọ sì ń dí àṣẹ náà lọ́nà kí alálàá má bàa dìde sáré lóòótọ́. Títa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá dà bí omi tó ń jò lẹ́nu ẹ̀rọ tí a ti tì. Àṣẹ tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀ṣọ́ ni. Lucretius tún padà wọlé, ó kàn wọ ẹ̀wù tuntun ni.

Ní ọdún 1966, Howard Roffwarg, Joseph Muzio àti William Dement ka iye oorun tí ènìyàn ń sùn láti ìkókó títí dé àgbà. Ìkókó ń sùn fún nǹkan bí wákàtí 16 lójúmọ́, ìdajì rẹ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ, sì jẹ́ oorun REM. Tàgbà kò ju bí ìdámárùn-ún sí ìdámẹ́rin oorun rẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù tún ní i ju ọmọ tó pé oṣù lọ. Wọ́n wá béèrè pé: bí oorun yìí bá wà nítorí àlá nìkan, kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí kò tíì rí ayé ló ní i jù? Èrò wọn ni pé oúnjẹ ọpọlọ ni. Ìkókó kì í wà lójúfò pẹ́, nǹkan tó ń rí láti òde kò tó nǹkan, nítorí náà ọpọlọ ń ta ara rẹ̀ jí láti inú kí ó lè dàgbà.

Èrò tó jinlẹ̀ ni. Àmọ́ èrò ṣì ni, wọn kò tíì ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi dán an wò.

Ọmọ eku sọ̀rọ̀

Ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní irun, ojú rẹ̀ kò là, kò sì lè rìn. Bí ó bá sùn, ẹsẹ̀, ìrù àti irun ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ á máa ta láìdáwọ́dúró. Mark Blumberg, onímọ̀ kan ní University of Iowa, fi èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ wo títa yìí. Ní ọdún 2000, ilé ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé bí wọ́n bá gé ọpọlọ òkè kúrò lára ìdí ọpọlọ ọmọ eku ọlọ́sẹ̀ kan, títa náà kò dáwọ́ dúró. Ibi tí a gbà pé àlá ti ń wá kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń ta. Kì í ṣe àlá ló ń jò.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní Lund, ní orílẹ̀-èdè Sweden, gbé èsì mìíràn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Bí nǹkan gbígbóná bá kan ìrù eku àgbà, á fà á kúrò lójú ibi tí ooru wà. Ọmọ eku kò mọ èyí, ó sábà máa ń fi ìrù lọ bá ooru náà gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Àwọn ará Lund béèrè pé ta ló ń kọ́ ọ? Wọ́n wá ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí ìrù àwọn ọmọ eku kan nígbà tí ìrù náà bá ta fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Àwọn ọmọ eku náà kọ́ ẹ̀kọ́ òdì. Èyí fi hàn pé títa lójú oorun ni ilé ẹ̀kọ́. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ń mi ìrù, ó ń gbọ́ ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó sì ń fi ìyẹn to ara rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 2004, Rustem Khazipov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ohùn kan náà nínú ọpọlọ òkè. Bí ọwọ́ ọmọ eku bá ta, apá ibi tó jẹ́ ti ọwọ́ nínú ọpọlọ á tàn yòò. Bí ẹsẹ̀ bá ta, ti ẹsẹ̀ ni á tàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ nílé ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé kan, ògiri ní bọ́tìnnì iná méjìlá, ẹ kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti yàrá wo. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ ó tẹ ọ̀kan, ẹ ó wo iná tó tàn. Ẹ ó pa á, ẹ ó tẹ òmíràn. Bí ẹ bá tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní mọ nǹkan kan. Òru ló sì dára jù láti ṣe é, nítorí pé lọ́sàn-án òòrùn á bo iná mọ́lẹ̀. Ohun tí ìkókó ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó lajú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà pọ̀ gidigidi, ariwo ilé ń wọlé, ebi ń pa á. Nígbà tó sùn, gbogbo iṣan rọ, ilé dákẹ́, ìka kan á ta. Ó dúró. Orúnkún kan á ta. Lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ibì kan. Ọpọlọ kì í kọbi ara sí ohun tí ara rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn ọ́ lẹ́yìn lójijì, o ó ta gìrì. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan kan. Erich von Holst àti Horst Mittelstaedt ṣàlàyé rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1950: bí ọpọlọ bá ti ń pàṣẹ fún iṣan, ó ń fi ẹ̀dà àṣẹ náà pa mọ́, èyí tó fi ń yọ ohun tó ti retí kúrò. Bí títa lójú oorun bá rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ kò ní gbọ́ ọ, kò sì ní kọ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014 àti 2016, Alexandre Tiriac àti Blumberg fi hàn pé nínú ọmọ eku, bí ó bá lajú tó sì gbé ẹsẹ̀, wọ́n ń dí ìròyìn ẹsẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti fẹ́ wọ inú ọpọlọ. Bí ẹsẹ̀ kan náà bá ta lójú oorun, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọpọlọ ń gbọ́ títa náà bí ẹni pé àlejò ló kan ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ẹni náà níṣẹ́, síbẹ̀ ó yà á lẹ́nu. Àgbà ní a kì í jí apirọrọ. Ọmọ tó sùn yìí, bí ara rẹ̀ ṣe dákẹ́ tó, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Blumberg kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2013, òun àti àwọn onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì méjì, Hugo Marques àti Fumiya Iida, kọ ìwé kan tó so títa ọmọ eku pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Rọ́bọ́ọ̀tì tí kò mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lè kọ́ ọ bí wọ́n bá jẹ́ kí iṣan rẹ̀ máa ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa ṣàkíyèsí èyí tó bá nà tàbí tó bá sún kì lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ ènìyàn ńkọ́?

A kò lè gé ọpọlọ ìkókó wò, a ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Wíwò nìkan ló kù. Greta Sokoloff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iowa ya fídíò àwọn ọmọ tó ń sùn, tí wọn kò tíì ju oṣù méje lọ, wọ́n sì ka títa wọn láti orí dé ìka ẹsẹ̀. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Títa náà kì í ṣe rúdurùdu, ó ní bó ṣe ń tò tẹ̀lé ara rẹ̀, ó sì ń yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ní 2021 wọ́n fi EEG kún un. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, títa bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé nínú oorun ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú, níbi tí wọn kò retí rẹ̀ sí, ó sì ń bá ìgbì ọpọlọ kan tó ń jẹ́ sleep spindle rìn pọ̀. Ìgbì yìí ni àwọn onímọ̀ ti so mọ́ bí àgbà ṣe ń fi oorun mú ohun tó kọ́ dúró.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ tó wà níbẹ̀. Lára eku ni ẹ̀rí tó lágbára jù ti wá. Nínú ọmọ ènìyàn, ohun tí a ní ni pé títa wà, ó létò, ó sì ń bá ìdàgbàsókè rìn. Láti ibẹ̀ sí “títa ló kọ́ ọmọ yìí bó ṣe ń rìn,” ọ̀nà ṣì jìn. Ẹni tó bá ń ta nǹkan fún yín pé ó lè mú kí ọmọ yín ta dáadáa lójú oorun kí ó lè mọ̀wé, owó yín ló ń wá.

Ṣùgbọ́n pé a lè ka ọpọlọ lára bí ọmọ ṣe ń mira kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Heinz Prechtl, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Groningen ní ilẹ̀ Netherlands, wo bí ọmọ tó lajú ṣe ń mira lórí ìdùbúlẹ̀. Nínú ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú The Lancet ní 1997, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ 130. Mímì kékeré kan tó máa ń wà lára ọmọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n wá. Nínú àwọn 70 tí tiwọn dára, 67 dàgbà láìní ìṣòro. Nínú àwọn 60 tí tiwọn kò dára tàbí tí kò sí rárá, 57 ní ìṣòro ọpọlọ, 49 nínú wọn sì jẹ́ cerebral palsy, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Padà sí pálọ̀ wa

Ìtàn yìí kan ilé wa ju bí mo ṣe rò lọ. Ní ọdún 1982, Coulter àti Allen, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ìkókó mẹ́ta kan tí títa wọn lójú oorun pọ̀ débi tí ẹni tó bá rí wọn á pè é ní gìrì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń ta léraléra. Wọ́n fi EEG wò wọ́n, kò sí àmì gìrì kankan. Bí wọ́n bá ti jí ọmọ, ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ náà dàgbà láìsí àbùkù. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé irú títa bẹ́ẹ̀ wà, àti pé ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.

Kí ni a máa ń ṣe sí i níhìn-ín? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oògùn gìrì kan tó gbajúmọ̀ ni àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, efinrin, ááyù àti àlùbọ́sà ṣe. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn rí ọmọ púpọ̀ tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ún, wọ́n sì dán an wò lára ajá láti mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fa ọwọ́ mímí sẹ́yìn, ó ń dà ọkàn láàmú, ó sì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Ọmọ tí gìrì ń ṣe lóòótọ́ kò lè fara dà á. Ẹ wá ro ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe, tó jẹ́ pé ó kàn ń kọ́ bí a ṣe ń mọ apá àti ẹsẹ̀ ara ẹni. Kí wọ́n jí i lójú oorun, kí wọ́n yà á lẹ́nu, kí wọ́n da ìyẹn sí i lọ́nà ọ̀fun.

Mi ò sọ pé kí a máa fojú fo gìrì. Gìrì wà, ó sì ń pani. Bí ọmọ bá ń ta nígbà tó lajú, bí títa náà kò bá dúró nígbà tí ẹ jí i, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, bí ojú rẹ̀ bá yí sókè, bí kò bá mu ọmú mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kíá. Bí iyèméjì bá wà, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ kí ẹ lè fi han dókítà. Fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń sọ ohun tí ẹnu kò lè júwe.

Lọ́jọ́ náà, ohun tí ìyá wa àgbà ṣe kò ju pé ó na ìka kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pẹ̀lẹ́. Ọmọ lajú. Títa náà dáwọ́ dúró. Ó wò wá, ó yán, ó tún sùn padà. Ìyá àgbà ní, “Ẹ rí i? Eré ni wọ́n ń ṣe.” Kò mọ Hamburger, kò gbọ́ orúkọ Iowa rí, ṣùgbọ́n ìdánwò tí dókítà máa ń kọ́kọ́ ṣe ló ṣe yẹn. Aládùúgbò wa kò tún sọ̀rọ̀ àgbo mọ́. Kí ó tó dìde, ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà ti tún ta.